Ẹ má ta ìpara ìbóra fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa òfin táwọn Òyìnbó ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì oníná, èyí tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí kí awọ funfun wọn lè ṣú díẹ̀. Ó dára, àmọ́ ẹ kò mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Ní Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, kò sẹ́ni tó ń wá bẹ́ẹ̀dì kiri. Ìpara ìbóra làwọn ọmọ tiwa ń rà.

Aránṣọ ni mí, nítòsí ọjà Wándò. Ẹni tó ń wọn ọmọbìnrin lára lójoojúmọ́ ń rí ohun tí aṣọ bò. Ojú á ti pọ́n, oríkèé ìka á dúdú kirikiri. Láìpẹ́ yìí, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wá wọn aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí mo ṣe gbé apá rẹ̀ sókè, ìlà pupa ni mo rí láti abíyá dé ìgúnpá, awọ náà ti là bí ikùn abiyamọ. Ọmọ ọdún 15! Mo bi í pé kí ló ń fi para. Ó ní àpòpọ̀ ni, pé ìyá tó ń tà á ló pò ó fún òun nínú ike, ìyá òun ló sì sanwó.

Ìyá rẹ̀ ló sanwó. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn.

Láti ọdún 1997 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti ní kí ọmọ tí kò tó ọdún 18 má ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì oníná yẹn. Bùràsíìlì, níbi táwọn baba ńlá àwọn Àgùdà wa ti padà wá, fòfin dè é fún tọmọdé tàgbà lọ́dún 2009. Ọdún yẹn náà làwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ dájúdájú, bíi sìgá. Ní California, òbí lè fọwọ́ sí i fún ọmọ ọdún 14 tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2012, ìfọwọ́sí òbí kò wúlò mọ́. Apá yìí ló wù mí jù, torí òbí lè fẹ́ràn ọmọ dọ́kàn kó sì tún fọwọ́ ara rẹ̀ ra ìpalára fún un.

Kí ló wà nínú ike yẹn? Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ hydroquinone máa ń mú awọ pọ́n lákọ̀ọ́kọ́, tó bá pẹ́, ó lè fi àbàwọ́n dúdú sílẹ̀ tí kì í fẹ́ lọ. Ìpara alágbára tí dókítà ń kọ fún àrùn awọ máa ń mú awọ fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jinná. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Kódìfúà (Ivory Coast) ti fòfin de irú ìpara báwọ̀nyí lọ́dún 2015, wọn kò sì jìnnà sí wa.

Mi ò ní kí wọ́n mú ọmọ kankan, tàbí kí wọ́n dójú tì í nílé ìwé. Ẹni tó ń tà á ni kó jẹ́jọ́. Àwọn aṣòfin 109 tó ń jókòó nílùú wa yìí ni mò ń bẹ̀: kí wọ́n kà á léèwọ̀ láti tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kí wọ́n fòfin de àpòpọ̀ inú ike tí kò lórúkọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba pé “ìyá rẹ̀ ló rán an wá” kì í ṣe àwáwí.

Èmi ni,
Aránṣọ kan,
Wándò, Àjàṣẹ́.