Lẹ́tà sí Bàámi, bíríkìlà

Bàámi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti fẹ̀yìn tì lóòótọ́, àmọ́ Màámi ní ẹ ṣì ń yọjú sí ògiri aládùúgbò, ẹ ń wò ó bóyá ó gún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo wọkọ̀ láti Glasgow dé Dumfries, ní Scotland níbí, mo sì gba ibẹ̀ lọ wo Caerlaverock, ilé olódi àwọn ìdílé Maxwell ayé àtijọ́. Onígun mẹ́ta ni, Bàámi! Yàrà olómi yí i ká. Òkúta rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ilé wa. Mo fọwọ́ rá a, iyanrìn bá mi lọ́wọ́ lọ.

Ẹ̀yìn rẹ̀ nínú igbó ni mo ti rántí yín. Ní nǹkan bíi 200 mítà síbẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé olódi wọn àkọ́kọ́ wà. Nǹkan bí ọdún 1220 ni wọ́n kọ́ ọ, sórí àbàtà tó sún mọ́ òkun Solway. Ilẹ̀ ń rì, omi ń yalé. Kò tó 60 ọdún tí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀ lọ sórí àpáta.

Mo rántí oníbàárà tó ní kẹ́ ẹ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ sórí àkùrọ̀. Ẹ kọ̀, ó sì gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Owó ilé ìwé mi wà nínú iṣẹ́ yẹn, mo sì bínú sí yín fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má bínú, sà.

Ti orí àpáta yìí náà jìyà. Ní 1300, Ọba Edward Kìíní ti England kó jagunjagun ẹlẹ́ṣin 87 àti ẹ̀rọ tí ń ju òkúta wá. Àwọn tó wà nínú kò ju nǹkan bíi 60 lọ. Ọjọ́ méjì péré, wọ́n túúbá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n wó o, wọ́n tún un kọ́, wọ́n tún wó o. Ní 1634, baálé ilé kọ́ ilé tuntun sínú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ọnà sórí gbogbo fèrèsé. (Ẹ̀yin ìbá ní owó ti pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀.) Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀tá tún dó tì í fún ọ̀sẹ̀ 13, wọ́n sì wó ògiri gúúsù.

Kí n tó kúrò, mo so kọ́kọ́rọ́ mi mọ́ okùn bàtà, mo fi wọn ògiri ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi mí pé kí ni mò ń ṣe.

Mo ní bàbá mi ló rán mi.

Ọmọ yín