Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Kọ Ìtàn Ìyá Àgbà

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé Ìyá Àgbà tí ẹ fẹ́ kí a tẹ̀ sínú ìwé ìrántí wọn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ibi tí ẹ ti pè wọ́n ní “ìyàwó àgbẹ̀ kòkó” wò. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó bo iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá fúnra wọn mọ́lẹ̀.

Èkó ni ẹ̀yin dàgbà sí, ọ̀dọ̀ wọn ní abúlé lẹ́bàá Oǹdó ni èmi dàgbà sí. Òtítọ́ ni pé Ìyá ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó Bàbá bí ẹni tó ni ín: wọ́n ń kó o jọ lẹ́yìn àwọn tó ń ká a, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo hóró rẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a sí oòrùn. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń rà á fún ìjọba bá wọ̀n ọ́n tán, ọwọ́ Bàbá ni owó ń bọ́ sí, nígbà tí Bàbá sì kú, àwọn ọmọ ni wọ́n jogún oko náà, kì í ṣe ìyàwó. Bí àṣà wa ti rí nìyẹn.

Epo ni tiwọn. Wọ́n ń san owó fún akọpẹ tó ń bẹ́ ìdì ẹyìn, wọ́n á sè é, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sì máa bu epo tó bá léfòó láti lọ sè é títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Wọn kì í da nǹkan kan nù níbẹ̀: ìhá di ohun ìdáná, ẹ̀kùrọ́ ni wọ́n sì ń fi òkúta pa ní alẹ́, èyí tó jẹ́ pé láyé àtijọ́, ti obìnrin ni owó rẹ̀, ọkọ kì í bèèrè rẹ̀. Ìyá Elépo ni gbogbo aba ń pè wọ́n. N kò rí orúkọ yẹn nínú ohun tí ẹ kọ. Lẹ́yìn tí a pa pọ́n-ùn tì ní 1973, tí náírà dé, wọn kò yé ka owó epo ní ṣílè, kọ́bọ̀ mẹ́wàá fún ṣílè kan, oníbàárà tí kò bá lè tẹ̀ lé ìṣirò náà a kàn na owó sí wọn kí wọ́n fúnra wọn yọ tiwọn.

Owó ẹ̀kùrọ́ yẹn ló rán Màmá Oǹdó, àkọ́bí Ìyá, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955, Bàbá kò kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ọmọbìnrin ṣì dúró ran oko lọ́wọ́ ná. Ìyá kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ra aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n mú ọmọ náà lọ, olùkọ́ ní kí ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí ó fi kan etí òdìkejì, ó sì kàn án.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ tún ọjọ́ orí Ìyá ṣírò, nítorí 1935 tí ẹ kọ kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bí àkọ́bí wọn bá tó ọmọ ọdún mẹ́fà ní 1955, a jẹ́ pé nǹkan bí 1949 ni wọ́n bí i, Ìyá yóò sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá péré nígbà náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti ń dá ọjà epo ná kí àwọn tó wọlé ọkọ. Mo gbà pé ẹni tó gba ìwé ọjọ́ orí fún wọn ló fi ojú díwọ̀n ọdún náà. “Ní nǹkan bí 1930” ni ìbá dára kí a kọ.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ náà fún atẹ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Màmá Oǹdó, kí ẹ bi wọ́n léèrè oríkì ilé bàbá Ìyá, torí pé ti ilé ọkọ nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ má pè wọ́n láàárọ̀, wọn kì í gbé fóònù. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ pè.

Èmi àbúrò yín