Mo ti rí ọkàn òkun yẹn o!

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Manchester, báwo lòtútù, ṣé iṣẹ́ tuntun yẹn ń lọ dáadáa? Àwa wà níbí, màmá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ní o ò pe àwọn mọ́. Nǹkan tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé sí ẹ ni pé mo ti rí Heart of the Sea, ọkàn òkun yẹn! Géèmù Minecraft tá a jọ bẹ̀rẹ̀ kó o tó lọ, inú ẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

O mọ̀ pé kò sí bèèyàn ṣe lè fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe nǹkan yẹn, inú àpótí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ nìkan ló ń wà, máàpù ló sì ń júwe ibẹ̀. Oṣù méjì ni mo fi wá a. Lọ́jọ́ tí mo máa rí i, mo fún dolphin kan lẹ́ja, ló bá ṣáájú, mo ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, ó mú mi dé ìdí ọkọ̀ kan tó ti rì, máàpù wà níbẹ̀. Mo dé ibi tí X pupa yẹn wà, mo gbẹ́ yanrìn, mo gbẹ́ gbẹ́ gbẹ́, kò sí nǹkan kan, àṣé mo ti yà sápá òsì díẹ̀. Mo tún ibòmíì gbẹ́ ni mo bá kan àpótí. Irin díẹ̀, góòlù díẹ̀, ẹja sísè, òun náà sì wà láàárín wọn, roboto, ó búlúù, mo pariwo débi pé àbúrò mi obìnrin sáré wọlé, ó rò pé iná ti dé ni.

Ó kù ká fi ṣe conduit báyìí, nǹkan tó ń jẹ́ ká lè mí lábẹ́ omi nínú géèmù. Ìkarahun nautilus 8 ló gbà, mo ti ní 6. Oníṣòwò tó ń fa llama kiri yẹn gba emerald 5, owó inú géèmù, lọ́wọ́ mi lórí ẹyọ kan, mo ra méjì, ó dùn mí gan-an, ìwọ̀ ni mo fi pa mẹ́rin tó kù.

Àbúrò mi wá rí akoto mi, ó rí Respiration III lára ẹ̀, ó ní ṣé respiration tí wọ́n ń kọ́ àwọn ní báyọ́lọ́jì náà nìyẹn. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo wá rò ó pé irọ́ ni màá pa fún un. Akoto yẹn, èémí ló ń fi kún. Téèyàn ò bá dé e, sẹ́kọ́ńdì 15 lèémí ẹ̀ lè gbé e lábẹ́ omi, ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi 15 kún un, ìyẹn ló fi jẹ́ 60 tó bá dé ìpele kẹta. Mímí nìyẹn. Respiration gangan, inú sẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣẹlẹ̀: gúlúkóòsì tó wà nínú oúnjẹ tá a jẹ dà bí owó ńlá tí kọndọ́kítọ̀ ò ní ṣẹ́ńjì ẹ̀, àfi kí sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn ni ATP, òun lara ń ná. Tí ọ́síjìn bá wà, gúlúkóòsì kan lè mú nǹkan bí 30 ATP jáde, omi àti carbon dioxide ló máa ṣẹ́ kù. Tí kò bá sí, 2 péré ni. Mo fi ẹmu ṣàpèjúwe fún un, pé yeast inú ẹ̀ ń jẹ ṣúgà láìlo ọ́síjìn, carbon dioxide ló ń hó yẹn, ìdí sì nìyẹn tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti le, ṣúgà ẹ̀ ti di ọtí.

Ó wá ní kí ló dé tí ebi kì í pa ẹni inú géèmù tó bá dúró sójú kan. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú gan-an o! Torí tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, téèyàn bá sùn lọ fọnfọn pàápàá sẹ́ẹ̀lì ò sinmi, ọpọlọ nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára tára ń lò.

Jọ̀ọ́, wọlé lọ́jọ́ Sátidé, alẹ́ tìẹ, iná máa ń wà níbí nígbà yẹn. Ìwọ lo máa wá prismarine, òkúta tá a máa tò yí conduit ká, kó má dín ní 16. Akoto tìẹ wà nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo ti fi Respiration III sí i lára.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ, n'Íbàdàn