Táyé, mi ò ra èyí tó o ní kí n rà

Òkè-Àró,
Àkúrẹ́.
Oṣù Ọ̀wàrà.

Táyé ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. A dúpẹ́, kò sí aburú nílé. Òjò ò tíì dáwọ́ dúró níbí. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó yẹ ká ṣe lóṣù tó kọjá, òjò ló tú u ká. Mo yà kí Màmá yín lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ara wọn le. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé owó tó o fi ránṣẹ́ ti tẹ àwọn lọ́wọ́, àmọ́ owó kì í sọ̀rọ̀, kí o máa pe àwọn. Mo ti jẹ́ ẹ o.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Mo mọ̀ pé òun lò ń wá tó o fi sáré fo gbogbo ohun tó wà lókè yìí. Mo ti ra Peugeot 504 coupé, onílẹ̀kùn méjì. Kì í ṣe V6, onísílíńdà mẹ́fà tó o ní kí n rà torí agbára rẹ̀.

Má tíì pariwo. Lórí fóònù, o kì í jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ dópin, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀.

Coupé méjèèjì ni mo fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Èyí tó wà ní Àkúrẹ́, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan lágbègbè Road Block tó gbé e wá láti Èkó, òun ni V6. Èyí tó wà nílùú Oǹdó, sílíńdà mẹ́rin, ti màmá kan tí ọkọ wọn ti ṣaláìsí ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní Peugeot 504 kọ́ nìyí, torí 504 tó wà lójú gbogbo wa ni onílẹ̀kùn mẹ́rin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, àti èyí tó gùn nídìí tó ń kó èrò lọ sí Èkó nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ní Ítálì ló ya coupé, àwọn náà ló sì kan bódì rẹ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré, ó sún mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ gùn. Bó o bá gbé e kọjá ní Ọjà Ọba, àwọn àgbà nìkan ló máa mọ ohun tí wọ́n rí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin V6, kó o má baà ní mo ti kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ṣáná sí i, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà nítòsí ló yíjú. Ìró rẹ̀ ò lọ geere. Igun ìwọ̀n 90 tó bá sílíńdà mẹ́jọ mu ni Peugeot, Renault àti Volvo, tí wọ́n jọ ṣe ẹ́ńjìnnì náà, to sílíńdà mẹ́fà sí, nítorí náà iná rẹ̀ kì í mú ní dọ́gbadọ́gba. Ó ń kùn, ó tún ń kọsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. 2,664 cc, agbára ẹṣin 136 nígbà tó jáde ní 1974. Ó jẹ́ kí n wà á gba ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ní gíá kẹta, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, mo sì rántí ìwọ àti ẹnu rẹ. O ò purọ́.

Àmọ́ Bàbá Fẹ́mi, mẹkáníìkì mi, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ń wò. Nígbà tá a padà dé, mo ní, "Baba, ẹ ti rí i?" Wọ́n ní atẹ́gùn ń fẹ́ àwọn ní kókósẹ̀ látìgbà tá a ti kúrò.

A wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òòfà kékeré kan wà lọ́wọ́ mi, lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ ni mo ti yọ ọ́. Mo fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà. Mo gbé e sórí rúùfù, ó lẹ̀. Mo gbé e sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Mo gbé e sára irin gbọọrọ tó lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn láti taya iwájú dé taya ẹ̀yìn, ó já bọ́. Mo tún gbé e síwájú díẹ̀, ó tún já bọ́. Pútì tí wọ́n fi ń dí ihò bódì ni, kì í ṣe irin. Ọmọkùnrin náà ní ọ̀dà tuntun ni wọ́n kùn ún, pé ó nípọn ni kò jẹ́ kó lẹ̀. Bàbá Fẹ́mi ò dá a lóhùn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sórí páálí, wọ́n mú sukudíráfà, wọ́n fi gún un lábẹ́ lọ́hùn-ún, kò ju bí èèyàn ṣe ń gún ẹ̀bà wò lọ, irin náà sì wọlé títí dé ìdí igi tí wọ́n dì mú. Wọ́n fà á bọ̀, ìwé ló bá a jáde. Wọ́n ti ká ìwé ìròyìn sínú ihò náà kí wọ́n tó lẹ pútì mọ́ ọn. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀: ìkéde òkú ni, fọ́tò bàbá kan tó dé fìlà, orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Fẹ́mi wò ó, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ti fúnra rẹ̀ kéde."

Mo rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. A fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ òsì sókè nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Nígbà tá a fẹ́ tì í, kò bá ojú ihò rẹ̀ mọ́. Ó fi bí ìka kan lọ sílẹ̀. O mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ò ní ṣaṣí lọ́tọ̀ bíi ti Land Rover. Bódì ni egungun. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ló di iwájú mú mọ́ ẹ̀yìn, bó bá sì ti di pútì àti ìwé ìròyìn, agbára 136 tó ò ń kà á kàn máa fà á ya sí méjì ni.

Èkó ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ pé ìta gbangba ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jìnnà sí òkun. Kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ara irin ti tó fún ìpẹtà, ṣùgbọ́n iyọ̀ ló ń mú un sáré. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ ọ́n, ìwọ tó o máa ń ráhùn nípa iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Hamburg nígbà yìnyín. Ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, òun ló fà á tí ọ̀dà fi ń wú. Ibi tó o bá rí tó wú bí ẹyọ ẹ̀wà kan lókè, lábẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti tó àtẹ́lẹwọ́.

Mo mọ èsì rẹ. O ti sọ ọ́ fún mi rí: pé pánẹ́lì bítà kún Nàìjíríà, pé kí n gbé e fún wọn kí wọ́n jó o. Mi ò ní bá wọn du iṣẹ́ wọn. Mo mọ ẹnì kan ní Ọ̀nà Oǹdó níbí tó lè fi irin dúrọ́ọ̀mù lásán ṣe fẹ́ńdà tí o ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n fẹ́ńdà kì í gbé ọkọ̀ dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ irin abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin mìíràn há bódì náà kó má tẹ̀ kí wọ́n tó gé ohunkóhun, kí wọ́n sì gé títí wọ́n á fi kan irin tó dára, torí iná wẹ́dà kì í di ìpẹtà mú. Ohun tí mo ń rí lójoojúmọ́ ni kí wọ́n jó àjákù irin lé orí èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n sì kùn ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni o ò lè gé ilẹ̀ takisí 504 kan wá fi rọ́pò. Láti taya iwájú sí taya ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ mítà 2.74, coupé jẹ́ 2.55. Kò sí pánẹ́lì òde kan tí wọ́n jọ ń lò.

Ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́? Bọ́lọ́ọ̀kù V6 yẹn, alumíníọ̀mù ni. Kì í dógùn-ún bí irin, àmọ́ omi ẹ̀rọ lásán, láìsí kúláàǹtì, máa ń jẹ ẹ́ láti inú, omi ẹ̀rọ lásán sì ni gbogbo wa ń bù sí rádíétọ̀ níbí. Bàbá Fẹ́mi tú àwọn plọ́ọ̀gì, wọ́n fi géèjì wọn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Sílíńdà mẹ́rin dára. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rẹlẹ̀ gan-an, èyí tó fi hàn pé gáskẹ́ẹ̀tì orí ti ń jò láàárín wọn. Kábúrétọ̀ méjì ló wà lórí rẹ̀, wọn ò sì jọra, Bàbá Fẹ́mi ò rí irú rẹ̀ rí. Nítorí náà, Táyé, 136 tó ò ń kà sí mi létí, ti 1974 ni. Mi ò mọ iye tó kù. Owó tí ọmọkùnrin náà ń pè sì tó ìlọ́po méjì ti Oǹdó.

Ó yá ká lọ sí Oǹdó. (A dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ọwẹ́nà nígbà tá à ń bọ̀, mo ní kí n sọ ọ́ kó lè dùn ọ́.)

Abẹ́ òrùlé ni ọkọ̀ yẹn wà, lórí sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé taya kúrò nílẹ̀. Màmá jókòó sórí àga nítòsí, wọ́n ń wò wá. Mo kúnlẹ̀, mo gbé òòfà mi sára irin abẹ́ ilẹ̀kùn: ó lẹ̀. Mo fà á lọ títí dé ẹ̀yìn, kò já bọ́. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí irin. Kì í ṣe pé kò sí ìpẹtà níbẹ̀ o. Abẹ́ bátìrì ti jẹ, ásíìdì ló ṣe é. Ilẹ̀ bọ́ọ̀tù ní ihò kan lápá ọ̀tún níbi tí rọ́bà ti gbẹ, tí omi ń gbà wọlé. Eku ti sọ àga ẹ̀yìn di ilé. Ṣùgbọ́n ibi tí ìpẹtà wà, ibi tí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè fi wákàtí díẹ̀ tún ṣe ni, kò dé ibi tó gbé ọkọ̀ ró.

Ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣáná láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Fẹ́mi tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n da ọ́yìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a lọ jẹun, a padà wá, wọ́n fi sípánà mú kírańkì níwájú. Fún ìgbà díẹ̀ kò mira. Lẹ́yìn náà ó yí, ó sì ń yí lọ. Wọn ò tiẹ̀ bi mí léèrè mọ́, wọ́n nu ọwọ́ nù, wọ́n ní kí n lọ bá Màmá sọ̀rọ̀ owó.

1,971 cc ni, irú ẹ́ńjìnnì tí gbogbo mẹkáníìkì láti Ọ̀wọ̀ dé Ilé-Olújì lè tú lójú oorun. Agbára rẹ̀ lé díẹ̀ ní 100 nígbà tó jáde, torí pọ́ǹpù injection ló ń fún un lépo. Wọ́n ti yọ pọ́ǹpù yẹn, wọ́n fi kábúrétọ̀ 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin sí i, nítorí náà kò lè pé 100 mọ́. Mo gbà. Kò ní lẹ ẹ̀yìn mi mọ́ àga.

Àti pé kó o tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Safari Rally rẹ, ìdíje eré ọkọ̀ yẹn: òótọ́ ni pé coupé V6 ni Jean-Pierre Nicolas fi gbé e ní Kẹ́ńyà ní 1978. Kí ló dé tí o kì í fi í dárúkọ 1975? 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin, onísílíńdà mẹ́rin, ni Ove Andersson fi gba ìdíje kan náà, nínú ẹrẹ̀ kan náà. Irú ọkọ̀ tó ń kó èrò níwájú ilé yín.

Màmá ò jẹ́ kí n ná wọn dáadáa. Wọ́n ní ọkọ àwọn kì í gbé ọkọ̀ yẹn jáde nínú òjò, ẹni tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ sanwó ìyẹn náà. Mo san án. Nígbà tí mo kà owó tán ni wọ́n rán ọmọdé kan wọlé lọ gbé páálí kan tí wọ́n fi okùn dì. Wọ́n ní ti ọkọ̀ náà ni, pé Bàbá sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dà á nù. Mo tú u. Táyé, pọ́ǹpù injection tí wọ́n yọ náà ni, iṣẹ́ ọwọ́ ilé iṣẹ́ Kugelfischer, tí wọ́n wé sínú ìró àtijọ́ kan, pẹ̀lú ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn páìpù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń rùn fún ọ́yìlì. Bàbá Fẹ́mi ò fọwọ́ kàn án, wọ́n kàn ń yí i po.

Ibi tí mo ti fẹ́ kó o ràn mí lọ́wọ́ nìyí. Ìpẹtà Road Block ò lè wọ báàgì, ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì tèmi wà nínú páálí kan. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ wá sí Jámánì lọ́dọ̀ yín ní oṣù Ọ̀pẹ, á gbé e bá ọ. Kugelfischer, ará ibẹ̀ ni wọ́n. Ẹ ní àwọn àgbà ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ń tún irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń wọn epo rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bá mi béèrè iye tó jẹ́ kó o tó fi sílẹ̀ fún wọn. Bá mi wá rọ́bà gíláàsì iwájú àti ti bọ́ọ̀tù pẹ̀lú. Ti coupé ni o, má jẹ́ kí wọ́n ta ti onílẹ̀kùn mẹ́rin fún ọ. Ìda tí wọ́n ń fọ́n sínú ihò bódì kí omi má baà jẹ ẹ́, agolo méjì tó.

Èmi á ti máa bá wẹ́dà sọ̀rọ̀ lórí abẹ́ bátìrì àti ilẹ̀ bọ́ọ̀tù. Pátíkúlà ti ń lọ, wọ́n ní nọ́ńbà àtijọ́ ò ṣe é lò mọ́, mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Kọ ìdáhùn, má pè. Bó o bá sì mọ iye tí pọ́ǹpù náà máa ná wa, má sọ ọ́ níwájú ìyàwó rẹ, torí òun àti tèmi ń bára wọn sọ̀rọ̀, mi ò sì tíì sọ iye tí mo ra ọkọ̀ nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Gbénga