Ẹ Má Ṣe Tẹ Ìdáhùn Àlọ́ Sábẹ́ Àlọ́ Mọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí lẹ́yìn Ọjà Ọba, níbí ní Àkúrẹ́. Ojú ewé àwọn ọmọdé nínú ìwé ìròyìn yín ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ọ̀rọ̀ ojú ewé yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n géèmù ló gbé mi débẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi gbé PS3 àlòkù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta géèmù, wá fún Adé, ọmọ mi tó wà ní SS2. Géèmù kan ṣoṣo ló bá a wá: Portal 2, tó jáde ní 2011, tó tẹ̀lé Portal ti 2007. Nígbà tí mo rí ìbọn níbẹ̀, mo rò pé ìjà ni. Àṣé ihò ni ìbọn náà ń dá sára ògiri. Èèyàn á dá ọ̀kan síbí, á dá èkejì sọ́hùn-ún. Bó bá ti wọ ti ibí, tọ̀hún ni yóò ti yọ. Bó bá já láti òkè sínú èyí tó wà nílẹ̀, eré tó fi wọlé náà ni yóò fi ta jáde lára ògiri.

Nínú ti èkejì yìí, ẹni méjì lè jọ ta á. Róbọ́ọ̀tì méjì ni, oníkálùkù pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀, ihò wá di mẹ́rin. Adé mú Atlas olójú búlúù, èmi mú P-body, ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ olójú ọsàn.

Ibi afárá ìmọ́lẹ̀ la há sí. Ìmọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó le bíi pákó, ó sì ń gba inú ihò kọjá. Àwọn ìbọn tó ń dá yìn wà lódì kejì yàrá náà. Bí a bá ti gun afárá báyìí, wọ́n á fọ́ wa túútúú. Alẹ́ mẹ́rin gbáko! Lálẹ́ kejì, Adé fa fóònù yọ kó lè wo bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é lórí YouTube. Mo gba fóònù náà, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó bínú, kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lálẹ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn, ó ní, “Màámi, ṣé dandan ni ká máa tẹ afárá yẹn mọ́lẹ̀ ṣá?” N kò lè sùn mọ́. Aṣọ tí mo tẹ́ sórí tábìlì láti gé, òun náà ni mo ń kọ́ sójú fèrèsé tó ń di kọ́tìnnì! Bí afárá náà bá gba inú ihò ilẹ̀ yọ, òró ni yóò dúró. Lálẹ́ kẹrin, Adé dá ihò sílẹ̀, afárá dìde bí ògiri níwájú wa, ọta ìbọn ń bà á, kò wọlé. Igbe tí a ké pọ̀ débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Olóòtú, ẹ wo àlọ́ tí ẹ ń tẹ̀: “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni “ẹ̀wà” wà. Ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù a máa ka àlọ́ àti ìdáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ṣí ewé. Kò ronú kan ìgbà tó ti rí ẹ̀wà rí, ojú dúdú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà la sè lọ́jọ́ náà. Ìyá mi àgbà kì í sọ ìdáhùn fún wa títí di alẹ́ ọjọ́ kejì, a ó sì máa bá a kiri oko.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìdáhùn ọ̀sẹ̀ yìí jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ní gba àyè ju èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi àti Adé ti dé ibi ọ̀dà báyìí: búlúù ń ta èèyàn sókè, ti olómi ọsàn ń mú un sáré. Ọjọ́ kẹta rèé tí a há síbẹ̀, fóònù sì wà nínú dúrọ́ọ̀.

Ìyá Adé,
Ẹ̀yìn Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.