Òbìrìkìtì inú oko kọ́ ló ń kìlọ̀ nípa oòrùn

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Adó-Èkìtì, pé àwọn òbìrìkìtì ńláńlá tó máa ń hàn nínú oko àlìkámà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ìkìlọ̀ láti ojú ọ̀run pé oòrùn fẹ́ bínú. N kò fara mọ́ ọn. Lọ́dún 1991, ọkùnrin méjì, Doug Bower àti Dave Chorley, jẹ́wọ́ pé láti àwọn ọdún 1970 làwọn ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn lóru: wọn a so okùn mọ́ pákó, wọn a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ọkà a sì tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní. Bí ẹnì kan bá dán irú rẹ̀ wò lóko ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ẹni tí yóò san owó ọkà ni àgbẹ̀ yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ìjì oòrùn fúnra rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí oòrùn bá tú agbára ńlá jáde sójú òfuurufú, kì í ṣe àlọ́. Lóṣù Kẹta ọdún 1989, ó pa iná mànàmáná Quebec ní Kánádà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án (bí iná tiwa ti rí, bóyá a kì bá tilẹ̀ fura). Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lójú òfuurufú, bíi SOHO tí wọ́n gbé lọ lọ́dún 1995, ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣọ́ oòrùn, tí wọ́n sì ń ka àbàwọ́n ojú rẹ̀ (àwọn ibi tó dúdú lára rẹ̀), èyí tó máa ń pọ̀, tó sì máa ń dín kù, ní nǹkan bí ọdún 11 síra wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ojú ìwé kan ṣàlàyé èyí fáwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan, Adó-Èkìtì