Owó Àṣíborí àti Ìbọ̀wọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù, ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣíborí méjì ti sán, ìbọ̀wọ́ ọmọ tó ń hán bọ́ọ̀lù sì ti ya ní àtẹ́lẹwọ́. Àfi ká wá owó.

Èyí tó wù mí jù rèé: ojú rírán 108 ló wà lára bọ́ọ̀lù kan. Ká ya bọ́ọ̀lù ńlá sórí páálí. Ẹni tó bá dáwó, ká fi bírò pupa kun ojú rírán kan fún un, títí gbogbo rẹ̀ á fi pupa. Ọkọ̀ fífọ̀ náà dáa, àmọ́ ṣé ẹ rántí bí omi ṣe tán lọ́jọ́sí?

Kí ọmọ kankan má dá lọ tọrọ owó nílé onílé o. Ẹni méjì ni yóò máa ka owó pọ̀. Ta ló mọ àwòrán yà? Kó wá rí mi lẹ́yìn ìdánrawò.